Ihò Tí A Bò Mọ́lẹ̀ Lórí Òkè Aṣá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Iṣẹ́ kànga ni mo ṣe láyé mi. Mo gbẹ́ kànga, mo fọ kànga, mo sì sọ èyí tó ti gbẹ di olómi padà, láti Ìjòkó dé Ìyànà Ìyẹ̀sí, kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn kan nínú yín ń mu omi tí mo fi ọwọ́ mi wá, wọn ò sì mọ̀. Ìyẹn ò dùn mí rárá.

Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ìtàn iṣẹ́ mi tí mi ò sọ ti ihò kan lórí Òkè Aṣá, irọ́ ni mo pa. Èmi àti ọ̀gá mi la bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ju ogójì ọdún lọ tí mo fi pa ẹnu mọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ sọ òkè náà di ààtàn ńlá tí gbogbo Sàngó àti Ọ̀tà á máa da ìdọ̀tí sí. Wọ́n wá bi mí bóyá kànga kan wà níbẹ̀ rí. Mo ní kò sí. Bẹ́ẹ̀, omi tí abúlé wa ń mu, abẹ́ òkè yẹn ló ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n bí mi sí Ìdí-Ọ̀dán, abúlé kékeré tó wà nísàlẹ̀ Òkè Aṣá. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú. Ìyá mi ń yan gàrí. Ọkùnrin kan wá láti ìhà Ọ̀ṣun, Bàbá Rájí lorúkọ rẹ̀, ó ń gbẹ́ kànga káàkiri, ó sì gba yàrá kan nílé wa. Ó ń wá ẹni tó máa ru yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá fà jáde. Mo lágbára, mi ò sì ní nǹkan gidi tí mò ń ṣe. Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Owó tó ń fún mi kò tó nǹkan, àmọ́ oúnjẹ rẹ̀ pọ̀. Ó parí.

Ọdún kan gbáko ni mo fi ru yẹ̀pẹ̀ láìfọwọ́ kan okùn. Yẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an, kò jẹ́ kí n dà á sílẹ̀ bó ṣe wù mí. Ilẹ̀ pupa ní òkìtì tirẹ̀, yangí ní tirẹ̀, iyanrìn ní tirẹ̀, amọ̀ ní tirẹ̀. Bí mo bá dà wọ́n pọ̀, màá fi ọwọ́ ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó jẹun.

“Sìkírá, kí lo rù yẹn?”

“Yẹ̀pẹ̀ ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe iyán. Irú yẹ̀pẹ̀ wo?”

Mo máa ń bínú sí i nígbà náà. Ìgbà tó yá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bí mo ṣe ń to àwọn òkìtì yẹn lé ilẹ̀ ni wọ́n ṣe tò léra wọn nísàlẹ̀. Níbi tiwa, ilẹ̀ pupa ló wà lókè, yangí tẹ̀ lé e. Omi díẹ̀ máa ń wà nínú yangí lásìkò òjò, omi òkè là ń pè é. Ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ṣáláńgá bá sì wà nítòsí rẹ̀, imú rẹ á sọ fún ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ lo máa kan amọ̀, funfun tàbí aláwọ̀ eérú, tó nípọn ju gíga ilé lọ níbòmíràn. Abẹ́ amọ̀ yẹn ni iyanrìn tó gba omi ńlá dúró wà, omi tútù tí kò lóòórùn, tí kì í gbẹ. Bàbá Rájí máa ń sọ pé amọ̀ ni ìdérí ìkòkò. Ohunkóhun tó bá dà sílẹ̀ lókè, ìdérí ò ní jẹ́ kó bọ́ sínú ìkòkò. Ẹ fi ìdérí yẹn sọ́kàn, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ọ̀gá mi le. Bó bá ra okùn tuntun, á nà án sílẹ̀, á fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó bá ti rí i tí fọ́nrán kan já, á gé e síbẹ̀, ì báà jẹ́ àárín gangan. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ kànga láìjẹun. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ sọ fìtílà sísàlẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa nìyẹn, ilé yá. Ẹni tó bá sì di okùn mú kò gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan ń ti ọjà bọ̀, mo yíjú, mo ní, “Ẹ kú ọjà o, mà.” Bàbá Rájí ò bá mi wí. Ó ní kí Lásísì tó wà nínú kànga jáde, ó wá ní kí n di okùn mú dáadáa.

“Ẹnìkan wà nísàlẹ̀,” ó ní. “Má jẹ́ kó já bọ́.”

“Bàbá, kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Òun nìyí níwájú wa.”

“Ojú rẹ wà lọ́nà. Báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó wà níbẹ̀?”

Mo di okùn òfìfo mú títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ jẹun alẹ́, ó mú ẹran tó wà nínú àwo tirẹ̀, ó jù ú sínú tèmi, kò sì sọ nǹkan kan. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Lásísì tí mo dárúkọ yìí lẹ́ni tó máa ń wọ kànga. Ọmọ Ọ̀tà ni, gìrìpá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, á máa pariwo sókè pé, “Sìkírá, mo ti rí omi o, ó ní kí n kí ẹ.” Èmi tí wọ́n ní kí n má kí ẹnikẹ́ni, màá máa rẹ́rìn-ín pa ẹnu dé.

Ọdún kan, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Iléyá dé, Lásísì rìnrìn àjò, kànga mọ́ṣáláṣí kan ní Ojú Ọ̀rẹ́ sì ti kún fún ẹrẹ̀, wọ́n fẹ́ kí a fọ̀ ọ́. Mo ní màá wọ̀ ọ́.

“Obìnrin kì í wọ kànga,” Bàbá Rájí ní.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá?”

Ó dúró, ó ronú. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ họ orí. “Wọ́n kàn máa ń sọ ọ́ ni,” ó ní. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn mọ́ mi nídìí, ó so ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ojú ọ̀run wá dà bí àwo kékeré lókè orí mi. Ó tutù. Ariwo ọjà ò dé ibẹ̀ mọ́, mo wá ń gbọ́ bí omi ṣe ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ tó ń sùn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ó ní ibi tó ti ń bọ̀, ó ní ibi tó ń lọ. Bí mo ṣe jáde, ẹrẹ̀ bo gbogbo ara mi, mo ní èmi á tún wọ̀ ọ́ lọ́la. Láti ọjọ́ náà, èmi àti Lásísì la jọ ń wọ̀ ọ́.

Ó wá kan ti Òkè Aṣá. Olùkọ́ kan ra ilẹ̀ síbẹ̀, ó fẹ́ kọ́lé, ó ní kànga ni kí a kọ́kọ́ gbẹ́ fún òun. A kọjá ilẹ̀ pupa, a kọjá yangí, a kan amọ̀. Inú Bàbá Rájí dùn, nítorí ògiri amọ̀ kì í tètè ya. Ọjọ́ púpọ̀ la fi wà nínú amọ̀ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Lásísì wà nísàlẹ̀, ó ń fi díígà lu ilẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sí àwàdà nínú rẹ̀.

“Bàbá, ilẹ̀ ń hó.”

Ó ti lu ìdérí já. Omi tó ti há sábẹ́ amọ̀ rí ọ̀nà, òun àti iyanrìn bá rú sókè bí ògì tó ń hó lórí iná. Iyanrìn náà mú Lásísì dé orúnkún, kí a tó pa ojú dé, ó ti dé itan. Mo fẹ́ fa okùn tagbáratagbára, Bàbá Rájí di ọwọ́ mi mú.

“Má fà á. Bí o bá fà á, wàá fa èèyàn yẹn ya.” Ó tẹ̀ sí ẹnu kànga. “Lásísì, fara rọ ògiri. Mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ. Ọmọ ìka nìkan. Ó ń yẹ̀?”

“Ó ń yẹ̀ díẹ̀, Bàbá.”

“Sìkírá, fà á díẹ̀. Dúró. Díẹ̀ sí i.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ nínú iyanrìn ni amọ̀ kan já láti ara ògiri, ó bọ́ lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. A fà á jáde. Ojú Bàbá Rájí funfun bí eérú, ó jókòó sílẹ̀, ó di orí Lásísì mú sórí itan rẹ̀ bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú.

Ẹni tí mo fi okùn fà jáde lọ́jọ́ yẹn ni bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ń tiro títí dòní. Bí wọ́n bá bi í pé báwo lẹ ṣe fẹ́ra yín, á ní, “Ó ti so okùn mọ́ mi, kò wá tú u mọ́.”

Ní tiwa agbẹ́kànga, kànga tó bá bàjẹ́, a kì í sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ilẹ̀ wó mọ́ ọ lọ́wọ́ ní ibì kan, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ mọ́. A máa ń to igi lé ẹnu rẹ̀, a ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, a ó gbin nǹkan lé e lórí, a ó sì sọ fún onílẹ̀ pé òkúta la bá pàdé. Ohun tí a ṣe nìyẹn. Pèrègún méjì ni Bàbá Rájí gbìn síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí pèrègún á rò pé ààlà ilẹ̀ ni. Olùkọ́ náà ta ilẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Bàbá Rájí wò mí, ó ní, “Sìkírá, ibí yìí, a ò dé ibẹ̀ rí.” Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ yí padà lójú mi. Okùn tí a ń fọwọ́ fà di okùn orí kẹ̀kẹ́ tó ń yí lẹ́nu kànga. Wọ́n wá ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ríǹgì tí a ń tò sínú kànga kí ògiri má bàa wó, a sì ń fi iye ríǹgì sọ bó ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nígbà tí èèyàn bá ń gbẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i ní Sàngó àti Ọ̀tà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá fa omi láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kànga tó ń lómi ní ríǹgì mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, mo ní láti lọ gbẹ́ ẹ sí i dé mẹ́rìnlá. Ní àdúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ, ilé iṣẹ́ kan ń da omi aláró sínú kòtò ẹ̀yìn ọgbà wọn. Nígbà tó di ọdún kejì, kànga tí mo fọ́wọ́ mi gbẹ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú omi tó ń pọ́n aṣọ wá. Níbẹ̀, kò sí amọ̀ láàárín. Mo tọ́ ọ wò, mo tutọ́ rẹ̀ dànù, mo sì fọwọ́ ara mi dí kànga náà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí Bàbá Rájí kú lọ, nítorí òun gbó kó tó kú, ó sì fi ẹ̀rín kú.

Bóhòlù ló wá lé wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mùtíù, ọmọ Bàbá Rájí, ra ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gàdàgbà sára ọkọ̀ tó ń gbé e. Ohun tí a fi oṣù kan ṣe, ẹ̀rọ yẹn á fi ọjọ́ kan ṣe é. Kò dùn mí o. Mùtíù ò gbàgbé mi, á wá gbé mi kí ó tó lu ilẹ̀, á ní, “Mọ̀mọ́, ẹ wò ó fún mi.” Èmi á mú yẹ̀pẹ̀ tó bá tú jáde, màá fi ọwọ́ rà á, màá sọ fún un bó bá kù díẹ̀ tàbí kó dúró. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn nìyẹn kí orúnkún tó mú mi jókòó.

Lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ààtàn dé. Wọ́n ní ìdọ̀tí ti kún ojú ọ̀nà káàkiri, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní Òkè Aṣá ló máa gbà á, àwọn ọ̀dọ́ wa á sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n rán àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò síwájú. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣáájú wọn, Fọláṣadé, ọmọ tó mọ nǹkan tó ń ṣe. Wọ́n gún irin mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á sọ fún wọn bí amọ̀ ṣe nípọn tó. Ó wọn omi inú gbogbo kànga Ìdí-Ọ̀dán. Wọ́n ní kó wá sọ́dọ̀ mi, ó wá, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbí. Ṣé kànga kankan wà lórí òkè yẹn rí?”

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. “Kò sí, ọmọ mi.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́. Ó tún fún mi ní omi inú ọ̀rá kan kó tó lọ.

Ọkọ mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ náà lọ tán.

“Ìyá Rúkà,” ó ní, “ẹsẹ̀ mi tó kán, ibo ló ti kán?”

“Bàbá Rúkà, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo kàn ń béèrè ni. Ó lè jẹ́ pé orí ibùsùn ni mo ti já bọ́.”

“Ṣé kí n ba orúkọ Bàbá jẹ́ ni? Orúkọ yẹn wà lára ọkọ̀ Mùtíù. Òun ló fi ń jẹun.”

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn. “Rúkà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu omi níbí,” ó ní. Kò ṣe àwàdà mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé Baálẹ̀. Fọláṣadé ya àwòrán ilẹ̀ sórí páálí, ó fi Yorùbá tó yé gbogbo wa ṣàlàyé. Ó ní amọ̀ tó wà lábẹ́ Òkè Aṣá nípọn, omi ìdọ̀tí ò lè là á kọjá, omi ńlá tí à ń mu á wà láìséwu. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Mo wo àwòrán náà. Wọ́n ti ya pèrègún méjèèjì síbẹ̀, wọ́n ní òun ni ààlà.

Mo dìde.

“Kí Baálẹ̀ pẹ́. Ọmọ mi, Fọláṣadé, mo purọ́ fún ọ. Pèrègún yẹn kì í ṣe ààlà. Kànga ló wà níbẹ̀. A lu amọ̀ já, ó ya mọ́ wa lọ́wọ́, a to igi lé e, a sì da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ohun tí ẹ bá dà sórí òkè yẹn, ibẹ̀ ló máa gbà bọ́ sínú omi wa.”

Mùtíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ wà láàárín èrò.

“Mọ̀mọ́, bàbá mi ti kú. Ẹ ò lè jẹ́ kó sinmi?”

“Mo mọ̀, Mùtíù.”

“Bàbá mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.”

“Mo wà níbẹ̀, ọmọ mi.”

Ó dìde, ó lọ. Ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn ní àwọn arúgbó ló máa ń bá nǹkan jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì la gun òkè. Ọkọ mi fi ọ̀pá gùn ún, ó ní òun fẹ́ lọ kí egungun òun. Mùtíù wá, ó dúró lókèèrè, kò kí mi. Wọ́n hú pèrègún, wọ́n ń gbẹ́. Mò ń dúró de igi tó ti jẹrà àti ihò tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò kan igi. Amọ̀ ni wọ́n kàn. Wọ́n gbẹ́ sí i, amọ̀ náà ni. Wọ́n ki irin gígùn bọ àárín rẹ̀, wọ́n fi ń yọ yẹ̀pẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Amọ̀ ni látòkè délẹ̀, èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ṣù ní ṣíṣù-ṣíṣù bí ẹni tó ń mọ ilé, tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo wá rántí pé lọ́dún tí ẹsẹ̀ Lásísì kán, Bàbá Rájí ní òun ń lọ sílé ní Ọ̀ṣun. Ó lọ fún nǹkan bí oṣù méjì. Nígbà tó padà, kò mú nǹkan kan bọ̀ láti ilé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti là.

“Bàbá yìí ò lọ sí Ọ̀ṣun,” ọkọ mi ní.

“Kí ló dé tí kò sọ fún wa?”

“Ṣé ó máa ń sọ nǹkan fún ẹ tẹ́lẹ̀ ni?”

Mùtíù ti wá sítòsí. Ó mú ṣíṣù amọ̀ kan lára èyí tí wọ́n yọ, ó ń wò ó. Ipa ìka wà lára rẹ̀. Ó yí i wò, ó tún yí i. Ó fi ọwọ́ kejì dì mí mú léjìká kí n lè dìde.

Fọláṣadé bu omi sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ náà, ó sàmì síbi tó kún dé, ó ní kí a padà wá lọ́la. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ kejì, omi náà kò dín. Ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń yọ̀, wọ́n rò pé ààtàn ti bọ́ sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n Fọláṣadé ò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Ó ń wo ilẹ̀ yíká.

“Màmá,” ó ní, “ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bo kànga mọ́lẹ̀?”

Àwọn arúgbó tó wá wòran wà níbẹ̀. Bàbá Gídíọ̀nù, agbẹ́kànga láti Ìjòkó, tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí a jọ ń du iṣẹ́, wú ikọ́. Ó wú u lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Igi ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn,” ó ní. “Tèmi wà lábẹ́ rẹ̀.”

“Gídíọ̀nù?” mo ní.

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe, Sìkírá? Ilẹ̀ náà hó mọ́ èmi náà. Bí mo bá mọ̀ pé ó ti hó mọ́ yín, ṣé màá gbẹ́ ẹ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bi í pé kí ló fi dí i. Ó ní igi àti yẹ̀pẹ̀. Ó fi fóònù pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ojú Ọ̀rẹ́, onítọ̀hún ní òun ní méjì lórí òkè náà. Mùtíù náà pe àwọn tó mọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a ti gún igi àmì sí ojú ihò méje lórí Òkè Aṣá. Gbogbo wa ti gun òkè yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ilẹ̀ kan náà ló ṣe wá, ìtìjú kan náà sì ni kálukú gbé wálé. Ìdérí ìkòkò wa ti di ajere, àwa la sì lù ú.

Baálẹ̀ béèrè bóyá a lè dí àwọn mẹ́fà tó kù bíi ti Bàbá Rájí, kí iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọ̀dọ́ má bàa bọ́. Fọláṣadé ní a lè dí wọn, a sì gbọ́dọ̀ dí wọn. “Ṣùgbọ́n, Baálẹ̀,” ó ní, “àwọn agbẹ́kànga tó ti kú ńkọ́? Ta la máa bi ní ti wọn?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààtàn lórí Òkè Aṣá parí sí. Wọ́n ti ń wá ilẹ̀ mìíràn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ rí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ṣì ń fi ojú burúkú wò mí nítorí iṣẹ́ tó bọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Mùtíù ló pèsè amọ̀. Àwa arúgbó bọ́ bàtà, a fi ẹsẹ̀ pò ó, ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó ń sọ fún Gídíọ̀nù pé kò mọ ijó.

Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, Fọláṣadé jókòó tì mí, ó tẹ́ páálí rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ya àmì méje síbẹ̀. Ó ní kí n sọ ohun tí òun máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi ìka tọ́ka, ó ń kọ. Èyí ṣí. Èyí ṣí. Èyí náà ṣí. A ṣe é dé mẹ́fà. Nígbà tó kan ti Bàbá Rájí, ó gbé bírò sókè, ó ń dúró.

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, èyí dí,” mo ní.

Ó kọ ọ́. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ tóbi, mo sì kà á fúnra mi.